Ìyá Òǹkà àti Bọ́ọ̀sì Orí Òkè

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ iye àtẹ̀gùn tó wà láti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìwádìí ọrọ̀ ajé ìpínlẹ̀ dé yàrá ọ̀gá àgbà, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Ìyá Òǹkà ti kà á. Méjìlélógójì ni, àti ọ̀kan tó ti là sí méjì, tí kò tíì rí ẹni bá a dá ẹjọ́ rẹ̀ bóyá ọ̀kan ni tàbí méjì. Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Tó bá ń fọ abọ́, á ka ṣíbí. Tó bá ń gbọ́ ìwàásù, á máa ka iye ìgbà tí oníwàásù ní "ní ìparí ọ̀rọ̀ mi," tó bá sì ti pé mẹ́rin, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ àga. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń sọ fún àlejò pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, nígbà tí wọ́n bi ìyàwó bóyá ó gbà, ńṣe ni ìyàwó ń ka fèrèsé lọ́wọ́.

"Mẹ́rìnlá ni," ni Ìyá Òǹkà máa ń dá a lóhùn. "Mo sì gbà kí n tó kà á tán. Kí lẹ tún ń wá?"

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ yẹn ni pé kí wọ́n wádìí ibi tí owó ìpínlẹ̀ ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, kí wọ́n wá sọ fún ìjọba ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Àwọn ọ̀mọ̀wé wà lókè tí wọ́n ń kọ ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé ò lè jókòó sórí àga kó mọ iye èèyàn tó ń pọn omi ní ẹ̀rọ ìjọba. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ dúró sójú oòrùn kà wọ́n, ẹni náà ni Ìyá Òǹkà. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, àmọ́ kò sí nǹkan tí kò tíì kà. Ó ti ka mọ́tò lẹ́nu afárá, ó ti ka aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ó ti ka àga tí kò lẹ́sẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nínú ọdún mọ́kàndínlógún, wọn ò dá iye kan padà fún un rí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹlòmíì ṣe ń sọ pé ọmọ òun di dókítà. Pátákó rẹ̀, igi pẹlẹbẹ tó ní irin tó ń di fọ́ọ̀mù mú lókè, tí ó fi okùn so bírò mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti dán gbinrin nítorí ọwọ́ tó ti ń dì í mú.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, àpò ìpínlẹ̀ gbẹ. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìsúná ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà pé kó bá àwọn wá ohun tí ìjọba ń náwó lé lórí lásán, kí àwọn gé e kúrò. Kò pẹ́ tí ojú gbogbo wọn fi lọ sórí bọ́ọ̀sì orí òkè. Bọ́ọ̀sì ìjọba ni, ìjókòó ogójì. Láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti àdúgbò orí òkè wá sí ìgboro. Ìdajì owó ọkọ̀ ni èrò ń san, ìpínlẹ̀ ló ń san ìdajì yòókù. Ọ̀gá àgbà ní kí Ìyá Òǹkà lọ wo iye èèyàn tó ń wọ̀ ọ́.

Ó lọ dúró nísàlẹ̀ òkè, ní ibùdókọ̀ tí bọ́ọ̀sì ń kọ́kọ́ kàn bó bá ń sọ̀kalẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná, fún àárọ̀ márùn-ún gbáko. Ọjọ́ kìíní, èèyàn mẹ́rin. Ọjọ́ kejì, mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mẹ́fà, méjì, mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, dírẹ́bà buwọ́ lù ú pẹ̀lú ẹ̀rín tó dùn, ó sì gbé e lọ fún akọ̀wé tó ń fi iye sínú kọ̀ǹpútà. Bàbá Ìdá Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pe akọ̀wé náà, nítorí kò sí ohun tí kò lè pín sí ọgọ́rùn-ún. Ó ti sọ ọ́ rí pé ìdá ọgọ́ta nínú ọbẹ̀ ìyàwó òun ni omi, ìdá ogójì yòókù sì jẹ́ èébú.

Ó tẹ kọ̀ǹpútà títí. "Ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ìjókòó ló léèyàn," ló wí. "Ìdá mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ń gbé afẹ́fẹ́. Ìyá Òǹkà, ìjọba yín ló ń sanwó ọkọ̀ fún afẹ́fẹ́ yìí o."

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí dùn mọ́ ọ̀gá àgbà débi pé ó fi sí ojú ewé àkọ́kọ́ àbọ̀ ìwádìí náà. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, láago mẹ́wàá, ó máa kà á síwájú ìgbìmọ̀, bọ́ọ̀sì á sì ti di ìtàn.

Ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá Òǹkà fẹsẹ̀ rìn gun òkè lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n yìí ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìgboro. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò ní àìsàn kankan. Ó ń gé àlùbọ́sà nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tètè ra bàtà tó le," ni Ìyá Òǹkà wí, bó ti ń yọ tirẹ̀. "Ó jọ pé wọ́n fẹ́ mú bọ́ọ̀sì yín kúrò."

"Bọ́ọ̀sì wo?"

"Èyí tó ń gbé yín sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀. Kò sí èrò nínú ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kà á."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọdún méje ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn, ìgbà tí mo ríbi jókòó nínú ẹ̀ ò pé mẹ́wàá. Apá ẹlòmíì ni mo máa ń gbé orí lé."

"Mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́fà, méjì, mẹ́ta," ni Ìyá Òǹkà wí. "Mo wà níbẹ̀."

"Níbo lo dúró sí?"

"Nísàlẹ̀ òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná."

"Tìwọ ti pátákó?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n fi kọ ọ́, eyín?"

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó wo orúnkún ara rẹ̀. Ó tún wò ó. "Áà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ ni obìnrin pátákó."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá ń tú síta. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin kan láti ìjọba ìbílẹ̀ gbé pátákó wá sórí òkè, ó ka ṣọ́ọ̀bù. Oṣù ò tíì parí tí owó orí ṣọ́ọ̀bù fi dé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òmíràn gbé pátákó wá, ó ka ajá. Ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín, àfi ìgbà tí owó orí ajá dé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tí kò mọ̀ lórí òkè pé ohun tí pátákó bá kà, owó orí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí atúnbàtàṣe tó wà níbi tí ọ̀nà ti yí rí obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná tòun ti pátákó, ó gbé bàtà pupa kan kọ́ sórí igi. Dírẹ́bà rí i, ó dá bọ́ọ̀sì dúró níwájú ibi ìlagi. Gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, wọ́n gba ẹ̀yìn ibi ìlagi, wọ́n gba orí pákó tó dábùú gọ́tà, wọ́n sì lọ dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ibùdókọ̀.

"Wọ́n ní owó orí èrò ọkọ̀ ló ń bọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi gbé orúnkún yìí gba inú lẹ́búlẹ́bú igi, torí tìẹ. Mo tiẹ̀ ṣépè fún obìnrin pátákó yẹn lọ́jọ́rú. Jẹ́ kí n yára ká a padà."

"Ẹ ká a dáadáa o," ni Ìyá Òǹkà wí. "Àwọn mẹ́ta tí mo wá rí ńkọ́?"

"Bàbá kan wà tí oorun máa ń gbé lọ. Àwọn méjì yòókù, tọkọtaya ni. Wọ́n ń bá ara wọn jà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde."

"Ọjọ́ tó jẹ́ méjì?"

"Oorun ò kun bàbá lọ́jọ́ náà."

"Mẹ́fà?"

"Òjò ń kùn." Ẹ̀gbọ́n tún mú ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n kò gé nǹkan kan. "Àbúrò mi, láti ibí dé ilé ìwòsàn, wákàtí kan ààbọ̀ ni lórí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tó pé nìyẹn o. Bí wọ́n bá mú bọ́ọ̀sì yẹn lọ, iṣẹ́ mi ti parí."

Ìyá Òǹkà padà sílé láìka ohunkóhun lọ́nà, ọkọ rẹ̀ sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bí òun bá dákẹ́, ẹ̀gbọ́n òun á pàdánù iṣẹ́. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ọdún mọ́kàndínlógún á lọ lọ́jọ́ kan. Àti pé kí lòun fẹ́ sọ? Ẹni tó bá ní iye kan kì í ṣe òótọ́ gbọ́dọ̀ mú èyí tó jẹ́ òótọ́ wá. Bí òun bá sì gbé pátákó lọ, bàtà pupa á gòkè.

"Má gbé e lọ," ni ọkọ wí.

"Kí n wá fi kí ni kà á? Èrò ń gùn, èrò ń bọ́, ẹ̀rọ ń mì, orí mi á ṣì."

Ọkọ rẹ̀ lọ gbé agolo bọ́tìnnì wá látinú yàrá ìránṣọ. "Funfun fún ẹni tó jókòó, dúdú fún ẹni tó dúró. Kó wọn sí àpò ọ̀tún. O bá ti rí èèyàn kan, ju ọ̀kan sí àpò òsì. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀, kí gbogbo ẹ̀ padà síbí. Ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà ni àwọn funfun yẹn wà fún."

Bó ṣe di pé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Òǹkà wọ bọ́ọ̀sì lórí òkè nínú aṣọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ní àpò ńlá méjì níwájú, gèlè bò ó lórí dé ìpéǹpéjú kí dírẹ́bà má bàa dá a mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú méjèèjì bí ẹni tí òtútù ń mú. Kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, ogójì bọ́tìnnì funfun ti ṣí lọ. Lẹ́yìn náà ni dúdú bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wọlé bí èèrà ṣe ń wọ inú ṣúgà: ẹni gbé apẹ̀rẹ̀, ẹni gbé irinṣẹ́, ẹni gbé oúnjẹ ọ̀sán tó ń já omi sí ẹni ẹlẹ́ni lára.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yí, gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ atúnbàtàṣe. Kò sí bàtà pupa.

"Obìnrin pátákó ò wá lónìí," ni obìnrin kan tó dúró ti Ìyá Òǹkà wí.

"Kó jókòó sílé," ni èkejì rẹ̀ dáhùn. "Mo yọjú wò ó níjọ́sí. Ọrùn bíi ti aláǹgbá tó ń gbọ́ ẹjọ́."

"Mo gbọ́ pé ọkọ ló kọ̀ ọ́, ló fi wá ń ka ọkùnrin nínú bọ́ọ̀sì."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ìyá Òǹkà wo iwájú. Ó mú bọ́tìnnì dúdú méjì, ọ̀kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì jù wọ́n sí àpò òsì tagbáratagbára.

Dírẹ́bà náà ò dákẹ́. "Ẹ̀yin kàn máa wò," ló ń wí, ọwọ́ kan lórí sítíárìn. "Ọgbọ́n tí mo dá fún ìjọba, wọn ò lè já a láéláé. Bọ́ọ̀sì òfìfo ni mo fi hàn wọ́n. Wọ́n fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ àga."

Ìyá Òǹkà fẹ́ sọ fún un pé ọgbọ́n náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa àga kúrò lábẹ́ ìdí dírẹ́bà fúnra rẹ̀. Ó gbé e mì.

Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta lọ́jọ́ Ajé. Mọ́kànlélọ́gọ́ta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́rú, márùnlélọ́gọ́ta, tọkọtaya yẹn sì ti parí ìjà, wọ́n jókòó sórí àga kan ṣoṣo, ó sì pẹ́ kó tó mọ bóun ṣe máa ju bọ́tìnnì wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú, ó gun àtẹ̀gùn méjìlélógójì, ó sì kan ilẹ̀kùn ọ̀gá àgbà. Ọkùnrin tó tinrín ni ọ̀gá àgbà, kò tíì pé ogójì ọdún, táì ọrùn rẹ̀ kì í yẹ̀. Bàbá Ìdá Ọgọ́rùn-ún wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń to ìwé.

"Ọ̀gá, iye tí mo mú wá nípa bọ́ọ̀sì, kì í ṣe òótọ́."

Ìwé dúró lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

"Ẹ ṣì í kà ni, mà?" ni ọ̀gá àgbà béèrè.

"Mi ò ṣì í kà. Ohun tí mo rí ni mo kà. Ohun tí mo rí ni kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀." Ó ro ẹjọ́ náà láti orí ajá títí dórí bàtà pupa. Lẹ́yìn náà ló tú àpò ìwé mẹ́ta, ọ̀kan fún bọ́tìnnì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, sórí tábìlì, bọ́tìnnì sì ń yí lọ sáàárín ìwé ìsúná.

Ọ̀gá àgbà wo bọ́tìnnì. "Fọ́ọ̀mù ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ìbuwọ́lùwé dírẹ́bà?"

"Dírẹ́bà rò pé alágbàfọ̀ ni mí."

"Mà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè kó bọ́tìnnì síwájú ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn ti wà ní ojú ewé àkọ́kọ́."

"Ẹ má kó bọ́tìnnì lọ, ọ̀gá. Ẹ kó ara yín lọ. Aago mẹ́wàá ni ìpàdé. Bọ́ọ̀sì ń gbéra láago mẹ́fà ààbọ̀." Kò bá ọ̀gá kankan sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. "Bí ẹ bá rí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, kí ẹ gba pátákó lọ́wọ́ mi, kí n máa lọ sílé."

Ọ̀gá àgbà mú bọ́tìnnì dúdú kan, ó ń yí i láàárín ìka. Bàbá Ìdá Ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa bọ́tìnnì lábẹ́ tábìlì. "Ìdá ọgọ́jọ dín díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún," ló ń sọ fún ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀. "Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí."

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan tó so táì dé sí ibùdókọ̀ orí òkè. Olùkọ́ ni wọ́n pè é, wọ́n sì ṣàánú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tì, táì rẹ̀ há sínú apẹ̀rẹ̀ obìnrin kan, ìgbọ̀nwọ́ káfíńtà kan sì wà ní ìhà rẹ̀. "Tíṣà, ẹ bá mi di èyí mú," ni ẹnìkan wí látẹ̀yìn, ó sì kó odindi àpò aṣọ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìsàlẹ̀ òkè, kò lè ka ju èèyàn mẹ́tàdínlógún lọ, nítorí kò lè yí orí. Ìyá Òǹkà, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, na ọwọ́ kọjá èjìká ẹnìkan, ó sì fi ìdì bọ́tìnnì kékeré sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta," ló wí. "Mo ka ẹ̀yin náà mọ́ wọn."

Lórí àga lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbìmọ̀ ni ọ̀gá àgbà ti fi bírò fagi lé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn, tó sì kọ òmíràn sí i: pé iye tí a kà níbi tí èèyàn ti ń sá fún ẹni tó ń kà á, kì í ṣe iye rárá, àti pé owó orí ajá ti ná ìpínlẹ̀ lówó ju ohun tó mú wọlé lọ. Ó kó bọ́tìnnì dà sórí tábìlì níwájú wọn, ó sì jẹ́wọ́ pé iye àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ òun gbé jáde kò tọ̀nà. Ìgbìmọ̀ ní kí bọ́ọ̀sì dúró. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tún un kà, bóyá ó máa gba bọ́ọ̀sì kejì.

Wọn ò gba pátákó lọ́wọ́ Ìyá Òǹkà. Bọ́tìnnì nìkan ni wọn ò dá padà. Ìgbìmọ̀ fi wọ́n sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, oníbàárà aránṣọ sì fi àyà sílẹ̀ gbayawu rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì. "Ìjọba ló di bọ́tìnnì yín mú," ni aránṣọ ń sọ fún un. "Ẹ kọ̀wé sí wọn."

Oṣù mẹ́ta pé. Ìyá Òǹkà gbé pátákó, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí gbogbo orí òkè ti gbọ́ pé kíkà yìí, oore ló fẹ́ mú wá. Atúnbàtàṣe rí i. Bàtà tó gbé kọ́ lọ́tẹ̀ yìí, funfun ni.

Bọ́ọ̀sì yọ. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan rìn. Èèyàn kún inú rẹ̀ débi pé ilẹ̀kùn ò lè tì. Ìyá Òǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nígbà tó dé àádọ́rin, ó rí àwọn ìyá arúgbó márùn-ún tí kò sí ohun tó kàn wọ́n kan ìgboro láàárọ̀ kùtù. Ó rí gbogbo òṣìṣẹ́ ibi ìlagi, tí ibi iṣẹ́ wọn wà lórí òkè lẹ́yìn wọn. Ó rí bàbá olóorun, tí ẹni méjì gbé dúró kí wọ́n lè rí i kà. Ajá kan yọ orí lójú fèrèsé. Gbogbo wọn ń juwọ́.

"Ẹ kà wá dáadáa o, mà," ni dírẹ́bà wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Bọ́ọ̀sì mẹ́ta la fẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kẹ́yìn gbogbo wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà níta. "Àwa la ní ká ràn ọ́ lọ́wọ́," ló wí.

Ìyá Òǹkà wo fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká a, ó fi sínú àpò. Ó yọ bírò lára okùn, ó sì gbé pátákó ọdún mọ́kàndínlógún lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ máa fi gé àlùbọ́sà," ló wí, ó sì yí padà sílé lọ wo agolo ọkọ rẹ̀, bóyá bọ́tìnnì kù níbẹ̀.